Kí Ọmọ Tó Di Òrukàn: Ìtọ́jú Ẹni Tí Oògùn Kò Lè Wò Sàn Mọ́



Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi sàká àti sàráà yín ró iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ nípa àìsàn tó ti kọjá agbára dókítà ni. Bí ẹnì kan bá dá irú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wa, kíá ni a ó ti sọ pé kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́, a ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé orúkọ àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́wọ́ wa, púpọ̀ nínú bàbá wọn kò kú lójijì. Wọ́n dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn tó ọdún kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, a mọ ilé wọn. Ọjọ́ ìsìnkú ni a tó débẹ̀.

Káfíńtà kan wà ní àdúgbò wa tó bí ọmọ mẹ́ta, èyí àgbà ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Ní ọsibítù, wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, pé ó ti tàn, pé kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn ohun tí wọn yóò máa ṣe fún un bí wọ́n bá délé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ òótọ́ fún un, ibà ni kí wọ́n máa pè é.

Wọ́n ta ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó. Wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ sàká wa, èmi tí mò ń kọ èyí sì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Àánú ṣe wá, a fún wọn lówó. Wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù mìíràn ní ìlú mìíràn, wọ́n tún àyẹ̀wò kan náà ṣe níbẹ̀, wọ́n sì sọ ohun kan náà fún wọn. Owó tán. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́ igbe rẹ̀ lóru. Nígbà tí mo lọ kí i, páálí paracetamol kan ló wà lójú fèrèsé, kò sì sí oògùn mìíràn nínú yàrá náà.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú opó, ó wá bá wa. Gbèsè ìtọ́jú náà ti wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ ti kó irinṣẹ́ lọ. Àwọn tó jẹ ọkọ rẹ̀ lówó ilẹ̀kùn àti àga tó ti kàn fún wọn, kò mọ̀ wọ́n. Ọkọ nìkan ló mọ̀ wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí ọkọ mọ̀ pé òun ń lọ. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú ìwé wa. Mi ò lè sọ pé àwa náà kò jẹ̀bi níbẹ̀. Owó jáde lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ọkùnrin náà ń rí oorun sùn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní hospice

Ọ̀pọ̀ tó ti gbọ́ orúkọ náà rò pé ilé kan ni wọ́n ń kó àwọn tó ń kú lọ sí. Ó lè jẹ́ ilé, ṣùgbọ́n irú ìtọ́jú kan ni, inú ilé aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń ṣe é jù. Nígbà tí dókítà bá rí i pé oògùn kò lè lé àìsàn náà lọ mọ́, iṣẹ́ kò tíì tán. Ó ku ìrora láti pa, èémí tí kò já gaara, èébì, egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń dá sára, àìrí oorun sùn, ìbẹ̀rù ikú, àti ìdààmú àwọn ará ilé. Ìtọ́jú yìí kò fi ikú falẹ̀, kò sì yá ikú sí ẹnikẹ́ni. Apá tó gbòòrò jù nínú rẹ̀, tí àwa ń pè ní ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, kò tilẹ̀ ní láti dúró de ìgbẹ̀yìn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti rí àìsàn ńlá náà, kí aláìsàn sì máa gba ìwòsàn rẹ̀ lọ.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni irú èyí tí a mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Cicely Saunders ni orúkọ obìnrin tó dá a sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ni kò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, ó wá di òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìṣòro aláìsàn àti ẹbí wọn ní ọsibítù. Ó pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ David Tasma, Júù tó ti Pólàńdì wá, tí kò ní ẹbí nítòsí, tí jẹjẹrẹ sì ń pa lọ. Àwọn méjèèjì a máa sọ̀rọ̀ nípa irú ibi tí ẹni tó ń kú lọ ìbá ti rí ìdẹ̀rùn. Nígbà tí ọkùnrin náà kú ní 1948, £500 ló fi sílẹ̀ fún un, pé kí òun jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tó ń gbèrò láti kọ́. Saunders rí i pé àwọn dókítà kò ní gba ọ̀rọ̀ òun bí òun kò bá di dókítà, ó padà sílé ẹ̀kọ́, ó sì gba oyè dókítà ní 1957. Ọdún 1967 ni St Christopher's Hospice ṣí ilẹ̀kùn. Ọdún 19 ni £500 yẹn fi dúró. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi wá léèrè lẹ́yìn oṣù méjì pé kí la ti fi owó yín ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ti David Tasma sọ́kàn.

Ohun tí obìnrin yìí fi kọ́ àwọn dókítà ni pé ìrora ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan. Gbèsè wà nínú rẹ̀, ìjà tí a kò parí wà nínú rẹ̀, ìbéèrè pé ta ni yóò tọ́jú ọmọ mi wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù ìpàdé Ẹlẹ́dàá náà sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fún un ní oògùn tí a kò gbọ́ àwọn ìyókù, ìrora kò ní lọ tán.

Ní Áfíríkà, ẹ wo Uganda. Dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí, ló dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní Kampala ní 1993. Ìjọ Àgùdà ló ṣe, a kò sì ní fi ìyẹn pa iṣẹ́ rere rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe orí ilé ńlá tí yóò kún fún bẹ́ẹ̀dì ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń lọ bá aláìsàn nílé. Oògùn wọn jẹ́ ìyẹ̀fun mọ́fíìnì tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n pa láró kí a lè fi àwọ̀ mọ èyí tó le yàtọ̀ sí èyí tí kò le. Kò wọ́n rárá. Ní 2004, ìjọba Uganda yọ̀ǹda pé nọ́ọ̀sì tó bá gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lórí rẹ̀ lè kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn, nítorí pé dókítà kò tó ní ìgbèríko.

Ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti àwọn dókítà tó ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde níbẹ̀. UCH ní ẹ̀ka kan fún iṣẹ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ aláìsàn wò nílé. Àwọn ọsibítù ìjọba mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní 2020 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 56.8 ènìyàn ló ń nílò ìtọ́jú yìí lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, àti pé bí 14 péré nínú 100 wọn ló ń rí i gbà. Àwọn tí kò rí i gbà, ọ̀dọ̀ wa àti ọ̀dọ̀ àwọn tó dà bí tiwa ni wọ́n pọ̀ sí.

Oògùn tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù

Bí a bá dárúkọ mọ́fíìnì, ohun tí a máa ń gbọ́ ni: ṣé kì í ṣe oògùn olóró ni? Òótọ́ ni pé òfin ń ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kò-ṣeé-má-nìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti 1986 ni àjọ náà ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ìrora jẹjẹrẹ, bí ẹni ń gun àkàsọ̀: irú paracetamol ni ìgbésẹ̀ kìíní, irú codeine ni ìkejì, mọ́fíìnì sì ni ìkẹta fún ìrora tó le. Ẹni tí ìrora rẹ̀ ti dé òkè àkàsọ̀, paracetamol nìkan kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, bó ti wù kí a lò ó tó.

Bí wọ́n ṣe ń lo èyí tó jẹ́ omi ni pé a ó gbé e mu ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, yálà ìrora ti dé tàbí kò tíì dé. Ibí yìí ni àwọn ará ilé ti máa ń ṣe àṣìṣe: wọn a tọ́jú oògùn pa mọ́ títí aláìsàn yóò fi kígbe. Bí ìrora bá ti gòkè tán, ó ṣòro láti fà á sọ̀kalẹ̀. Ìwọ̀n kékeré ni dókítà yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa fi kún un bí ó ti ń rí i. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, oorun lè máa kun aláìsàn, inú sì lè máa rìn ín. Àwọn wọ̀nyí máa ń lọ. Èyí tí kì í lọ ni pé kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìgbẹ́ yà, nítorí náà ó yẹ kí dókítà kọ oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ kìíní. Ẹ bi í léèrè bí kò bá kọ ọ́.

Kì í sábà sọ aláìsàn tó ń lò ó nítorí ìrora, lábẹ́ ìtọ́jú dókítà, di ẹni tó ń wá oògùn kiri ìgboro. Ẹni tí a rí ní gáréèjì tó ń gbé tramadol mì, ohun mìíràn ni ìyẹn, ẹ má sì ṣe ra irú rẹ̀ fún aláìsàn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri.

Ìbẹ̀rù kan wà tó jẹ́ ti àwa Mùsùlùmí ní pàtàkì, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa. Àwọn ẹbí a máa sọ pé: bí oògùn bá kun ún lóorun, báwo ni yóò ṣe ka kálímà? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdáhùn àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni pé bí ìwọ̀n rẹ̀ bá bá ìrora mu, ọ̀pọ̀ máa ń mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ó wù yín kí ojú aláìsàn là ní àsìkò ìrun, yóò gbìyànjú láti tò ó bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ bi yín: káfíńtà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ń ké lóru, ìgbà wo ló ráyè fún kálímà?

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé níbi tí ìwòsàn kò bá ní àǹfààní mọ́, kì í ṣe dandan lọ́rùn ẹnikẹ́ni láti máa lépa rẹ̀. Ní ọdún 1409 Híjírà, ìgbìmọ̀ àgbà onífátíwà ti Sọ́ọ̀dì sọ pé bí dókítà mẹ́ta tó ṣeé fọkàn tán bá fẹnu kò pé kò sí ìrètí, kò di dandan kí a máa fi ẹ̀rọ fa ẹ̀mí aláìsàn náà padà. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí pípa aláìsàn nítorí àánú. Ìyẹn jẹ́ eewọ̀ lọ́dọ̀ wa, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá bẹ̀bẹ̀ fún un. Ànábì kọ̀ fún wa kí a máa tọrọ ikú nítorí ìnira. Láti fi oògùn dẹ ìnira náà kì í ṣe títọrọ ikú.

Ìrun kò bọ́ lọ́rùn aláìsàn tí làákàyè rẹ̀ bá ṣì wà, ṣùgbọ́n a ti dẹ̀ ẹ́ fún un. Bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ó máa fi orí tọ́ka. Bí omi bá lè pa á lára, tàbí tí egbò kò jẹ́ kó ṣe àlùwàlá, kí ó ṣe tàyámọ́mù. Ààwẹ̀ Ramadan kò sí lọ́rùn ẹni tí kò sí ìrètí ìwòsàn fún mọ́. Bí agbára bá wà, kí a bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn aláìsàn kan ń fi ebi pa ara wọn nínú ààwẹ̀ nítorí pé áfáà kankan kò yọjú sí wọn láti sọ èyí fún wọn.

Ní wákàtí ìkẹyìn, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù máa rán an létí kálímà ní ohùn jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan, kí a dákẹ́, àfi tó bá tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn ènìyàn má ṣe pariwo lé e lórí. Kí a máa fi omi rin ètè rẹ̀, kí a máa sọ ti ìkẹ́ Ọlọ́hun fún un, kí ó lè kú pẹ̀lú èrò rere sí Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀, gbèsè àti wásíyà

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òrukàn wà. Àṣà wa ni láti fi àìsàn pa mọ́ fún aláìsàn. Ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ fún pé ibà ni kò ní kọ wásíyà. Ànábì sì ti sọ pé Mùsùlùmí tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sun òru méjì láìjẹ́ pé ó ti kọ ọ́. Ó wà nínú ìtàn rẹ̀ bákan náà pé wọ́n gbé òkú kan wá tó jẹ gbèsè, kò sì kírun sí i lára títí tí ọ̀kan nínú àwọn sàábé fi gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀.

Kò pọn dandan kí a já ọ̀rọ̀ náà lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ti mọ̀ nínú ara wọn tipẹ́. Kí ẹni tó fọkàn tán bi í léèrè pé: kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò nípa àìsàn yìí? Kí ó wá dákẹ́ láti gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni a lè béèrè àwọn tó jẹ ẹ́ lówó àti àwọn tó jẹ lówó, ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, iye tó ní nínú àjọ àti àjẹsẹ́kù, nọ́ńbà àṣírí fóònù tó fi ń gba owó. Kí ó sọ ẹni tí yóò máa mójú tó ohun ìní àwọn ọmọ títí wọn yóò fi bàlágà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tó jẹ́ olódodo. Ẹ rántí pé ohun tí ènìyàn lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ nínú wásíyà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, a kì í sì í fi í bù kún ogún ẹni tí òfin ti fún ní ìpín tirẹ̀.

Kí a má sì lé àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún bàbá rẹ̀ mu yóò rántí rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn tí a kó lọ sọ́dọ̀ ìbátan, tí wọ́n dé tí wọ́n bá ibùsùn lófìfo, àwọn ni olùkọ́ wọn máa ń wá fẹjọ́ wọn sùn wá pé wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú wa ní ìgbìmọ̀ ní kí n má kọ èyí, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́: mo ti rí ilé tí wọn kò rí owó oògùn ìrora san, tí wọ́n sì rí owó màlúù fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn áfáà máa bá ọ̀rọ̀ fìdáù lọ láàárín ara wọn. Èmi ń sọ ti owó màlúù náà ni.

Ṣé sàká lè ṣe é?

Aláìsàn kò wọ inú ẹ̀ka mẹ́jọ tí Àlùkùránì kà sílẹ̀ nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Òṣì àti àìní ló ń gbé e wọ̀ ọ́, tàbí gbèsè. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì máa ń sọ ọlọ́rọ̀ àná di aláìní. Nítorí náà, owó oògùn ìrora, owó ọkọ̀ nọ́ọ̀sì, owó báńdéèjì, oúnjẹ àwọn ọmọ lákòókò tí bàbá wà lórí ibùsùn, gbogbo èyí la lè fi sàká san fún ẹni tó bá yẹ. Ti kíkọ́ ilé tàbí sísan owó oṣù òṣìṣẹ́ ọsibítù, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé e lórí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sàká gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ni ín. A kì í fi sàká yín ṣe ìyẹn. Sàráà ló yẹ fún un, àti waqf, ìyẹn dúkìá tí ènìyàn yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun tí èrè rẹ̀ ń wọlé láìdáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣíwájú wa ṣe é: ọsibítù tí Nur al-Din kọ́ sí Damascus ní 1154, àti èyí tí Sultan Qalawun kọ́ sí Cairo ní 1284, waqf ló ń bọ́ wọn, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ tálákà.

Bí ẹnì kan bá wà ní àdúgbò yín tí ọsibítù ti ní kí wọ́n máa gbé lọ sílé, ẹ wá sọ fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ sàká lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ó tó di ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ kò nílò ìwé kankan. Ẹ sọ ibi tí ilé náà wà, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, oògùn tó ń lò báyìí, àti bóyá ó ń rí oorun sùn. A ó wá dókítà tó mọ̀ nípa ìrora láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì láàárín wa, a nílò ẹni méjì tó lè fi ọ̀sán Àlàmísì kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún ìbẹ̀wò. Owó ọkọ̀ yín wà nílẹ̀.